Réèkì Tó Fa Pẹ́règún Bàbá Wa Tu

Ìwọ lo ní kí n sọ ọ́. Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò kàwé, nítorí náà bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu mi ni kó o ṣe kọ ọ́, má fi iyọ̀ sí i.

Iṣẹ́ katakata ni mo ṣe. Kì í ṣe pé mo ní tèmi o, tàwọn ẹlòmíì ni mò ń wà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nílùú Oǹdó ni mo ti pẹ́ jù. Èmi ni mò ń tún pápá wọn ṣe: ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ojú ọ̀nà tí àwọn ọmọ ti ń sáré ìje, àti kòtò yanrìn tí wọ́n ń fò sí. Lọ́jọ́ Ajé mo máa wọkọ̀ ní Àkúrẹ́, tó bá di ọjọ́ Ẹtì mo máa padà sílé. Ìgbà yẹn, Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba sítéètì tiwọn lọ, ó wá ku àwa tá à ń jẹ́ Oǹdó.

Àwọn èèyàn rò pé gbogbo réèkì, irin eléyín tí katakata ń fà lẹ́yìn, ọ̀kan náà ni. Rárá o. Èyí tí mò ń lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹsẹ̀ adìẹ là ń pè é. Eyín ẹ̀ tín-ínrín, ó tẹ̀ síwájú. Tó o bá fọwọ́ fà á, á tẹ̀lé ẹ, tó o bá fi í sílẹ̀, á padà sáyè ẹ̀. Tó o bá so ó mọ́ ìdí katakata, o ò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọlẹ̀. Ṣóńṣó eyín ẹ̀ nìkan ni kó kan ilẹ̀, kó máa họ ọ́ bí ẹni ń họ ẹ̀yìn ọmọdé. Tí òjò bá rọ̀ tí àwọn ọmọ sì ti tẹ pápá di págunpàgun, àlọ kan, àbọ̀ kan, ilẹ̀ á ti tẹ́. Ọdún pọ̀ tí mo fi lò ó. Mi ò ní láti wẹ̀yìn mọ́. Tí táyà bá ti dé ibì kan, mo mọ̀ pé réèkì ti fẹ́ débẹ̀, torí ìṣísẹ̀ kan péré ló fi jìnnà sí táyà. Ara mi ló mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ojú mi.

Ṣùgbọ́n gbé ẹsẹ̀ adìẹ wọ oko tí gbòǹgbò wà, wàá kó eyín ẹ̀ sápò dé ilé. Ti oko yàtọ̀. Eyín ti oko nípọn bí ọrùn ọwọ́ mi yìí, kò mọ ohun tó ń jẹ́ títẹ̀. Ohun tó bá bá nílẹ̀ ló ń fà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ti oko. Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo ni. Ọ̀wọ̀ ló lọ́kọ sí. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú, ó kó ẹrù ẹ̀ padà sílé wa ní Àkúrẹ́. Tó o bá gbọ́ tí mò ń sọ pé “o” sí i, má rò pé mi ò bọ̀wọ̀ fún un. Nílé tiwa, a kì í fi “ẹ” pe ara wa láàárín àwọn ọmọ bàbá kan náà. Olórí ẹbí là ń fi pè.

Ó ní òun ò ní jókòó sílé kí aya àbúrò òun máa gbé oúnjẹ ka iwájú òun. Bàbá wa ti pín ilẹ̀ fún un ní Ìlú-Àbọ̀ kí wọ́n tó kú. Èmi ní tèmi lódìkejì odò, kòkó ló wà níbẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n mi àti ti dáwódù, ìyẹn ọmọkùnrin àkọ́bí bàbá wa, ìyá tiẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa, wọ́n fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Pẹ́règún méje ni bàbá wa gbìn sí ààlà wọn, látojú ọ̀nà títí dé etí odò. Ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ní, apá tó kan pẹ́règún ni ilẹ̀ dúdú. Apá kejì, òkúta ni, kò sóhun tó ń hù níbẹ̀ ju koríko tó ń géni lọ́wọ́ lọ. Ilẹ̀ dúdú yẹn ni gbogbo oúnjẹ tó kù fún ẹ̀gbọ́n mi láyé. Fi ìyẹn sọ́kàn.

Ilẹ̀ náà ti di igbó. A ṣán an, a sun ún nígbà ẹ̀rùn. Ó wá ku gbòǹgbò àti kùkùté kéékèèké. Mo bẹ ọ̀gá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n gbà kí n gbé katakata lọ nígbà hólídè, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ ti padà kí àwọn ọmọ tó wọlé. Ọjọ́ tó kù fún wa kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ wo réèkì. Ọkùnrin Ìkàrẹ́ kan ló ń fi irin oko háyà lọ́nà tó lọ sí Oǹdó, òun náà ló ń jó o tó bá ya. Elẹ́nu ni. Bó ṣe rí wa ló ti bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Mọ́mì. Ṣé pápá bọ́ọ̀lù lẹ fẹ́ tún ṣe ni àbí oko?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò ó. “Ṣé mo jọ agbábọ́ọ̀lù lójú ẹ ni?”

“Ẹ jọ gólì, Mọ́mì. Kò séyìí tó lè kọjá lára yín.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti rí ẹ̀rín ẹ̀.

Ó fi méjì hàn wá. Èkíní kúrú, eyín méje, ó lè wọ kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ojú ibì kan náà lo máa gbà lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ́. Èkejì ni ńlá náà. Irin tó fi ń so mọ́ katakata gùn bí apá ẹni tó ń na ọwọ́ gba nǹkan, eyín ẹ̀ wà lẹ́yìn pátápátá. Tó bá kún, o máa gbé e sókè, á da ẹrù ẹ̀ sílẹ̀, o tún máa sọ ọ́ kalẹ̀.

“Tí ilẹ̀ bá ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀,” ọkùnrin náà ní, “bí ọ̀pẹ kékeré, bí kòkó, ẹ mú kékeré. Ńlá yìí kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí ìyá.”

Mo bi í pé ọjọ́ mélòó ni kékeré máa gbà.

“Fún ilẹ̀ tẹ́ ẹ ń sọ yìí? Ọjọ́ mẹ́rin, tí òjò ò bá rọ̀.”

“Ńlá ńkọ́?”

“Ọjọ́ kan.”

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Kí la tún ń rò? Mú eléyín ńlá.”

Ọkùnrin Ìkàrẹ́ wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ó gùn lẹ́yìn o. Ẹ má fojú èyí tẹ́ ẹ mọ̀ wò ó.”

Mo mirí pé mo ti gbọ́. Ọmọdé ni lójú mi. Mo ti ń wa katakata kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń jó irin.

Lọ́jọ́ kejì a ti wà lóko ní kùtùkùtù. Iná ti jó gbogbo ẹ̀ dúdú. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ sí ààlà fún mi. “Àwọn pẹ́règún bàbá nìyẹn. Ṣọ́ wọn o.”

“Mo rí wọn.”

Lóòótọ́ mo rí wọn, ṣùgbọ́n iná ti jó ewé wọn, wọ́n dúró láàárín igi jíjó yòókù bí igi jíjó. Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí etí odò lọ sun usu. Usu la máa ń pè é ní tiwa, má sọ ọ́ di iṣu.

Bí mo ṣe ṣe é nìyí. Mo máa fi ẹ̀yìn rìn títí táyà á fi ku ìṣísẹ̀ méjì kó dé ààlà, mo máa sọ réèkì kalẹ̀, mo wá máa wà á lọ síwájú, á máa kó gbòǹgbò bọ̀ títí dé ibi tí ilẹ̀ dúdú ti pàdé òkúta. Ibẹ̀ ni mò ń da gbogbo ẹ̀ sí, torí ibẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo tún máa padà. Gbogbo ìgbà tí mo bá dà á, ẹ̀gbẹ́ èyí tó ṣáájú ni mò ń dà á sí, kó lè wà lójú kan. Àwa tá a mọ iṣẹ́, a kì í da pàǹtí káàkiri. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, òkìtì gbòǹgbò ti tò látojú ọ̀nà títí dé etí odò, ó gún bí okùn.

Mo ń fi ẹ̀yìn rìn, mò ń wo táyà. Eérú ń fò, mi ò wẹ̀yìn. Ara mi ló ń sọ fún mi pé réèkì wà ní ìṣísẹ̀ kan sí táyà. Kò sì rí bẹ́ẹ̀, ìṣísẹ̀ mẹ́ta àbọ̀ ni.

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ ṣì kù fún mi. Mo wá rò ó pé tí dáwódù bá dé, tó rí i pé mo ti ha ilẹ̀ ọmọ ìyá mi mọ́ tí tiẹ̀ ṣì wà nínú gbòǹgbò, kí ló máa sọ? Á ní ọmọ ìyá mi nìkan ni mo mọ̀. Iná tá a dá ti wọ ilẹ̀ tiẹ̀ náà. Mi ò wá bi ẹnikẹ́ni, mo bá a ha tiẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ látọ̀nà jíjìn, mò ń sún mọ́ ààlà díẹ̀díẹ̀, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Mò ń wá pẹ́règún tí màá dúró sí. Mi ò rí i. Mo ní bóyá ìlà tó kàn ni. Mo tún sún. Ìgbà tí mo rí àpá eyín réèkì àná nílẹ̀ níwájú mi ni mo tó mọ̀ pé mo ti kọjá ààlà.

Mo pa katakata. Mo rìn lọ sídìí òkìtì. Wọ́n wà níbẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n lára èèpo wọn. Òmíràn ti já sí mẹ́ta, òmíràn sí mẹ́rin. Mo padà síbi tí mo rò pé wọ́n ti dúró, mo ń wá ihò. Kò sí ihò. Iṣẹ́ réèkì rere nìyẹn, kó má fi ihò sílẹ̀. Ilẹ̀ náà mọ́ bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo fi hàn án. Ó fẹsẹ̀ yí pẹ́règún kan.

“Ìwọ yìí,” ó ní, “mo ní kó o ṣọ́ wọn, o wá kó wọn jọ fún mi.”

Mo ní ká tún wọn gbìn lójú ẹsẹ̀.

“Ta ló máa di ìdí kejì mú? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pè mí ní olè ni?”

Òótọ́ ló sọ. Nílé wa, ẹnì kan kì í dá pẹ́règún ààlà gbìn. Àwọn méjèèjì tí ilẹ̀ wọn pàdé gbọ́dọ̀ jọ di igi náà mú, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kí àgbà kan sì dúró tì wọ́n. Òkìtìpupa ni dáwódù ń gbé. A ránṣẹ́ sí i. Ó ní òun ń bọ̀. Èmi dá réèkì padà fún ọkùnrin Ìkàrẹ́, mi ò sọ nǹkan kan fún un. Mo wa katakata padà sí Oǹdó. Àwọn ọmọ wọlé, mo so ẹsẹ̀ adìẹ mọ́ ọn, mo ń tún pápá ṣe.

Dáwódù kò tètè dé. Ara ìyàwó ẹ̀ kò yá. Òjò ò dúró de ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n mi gbin àgbàdo sí ilẹ̀ dúdú náà.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó ní ká pàdé lóko. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo wọkọ̀ láti Oǹdó. Nígbà tí mo dé, gbogbo wọn ti dúró: olórí ẹbí wa tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, dáwódù, àwọn àgbà méjì, àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo wo ibi tí wọ́n ń wò.

Òkìtì gbòǹgbò yẹn ti jẹrà wálẹ̀. Pẹ́règún ló dúró lórí ẹ̀. O mọ pẹ́règún, ibi tó o bá jù ú sí ló ń hù. Gbogbo èyí tó já sí mẹ́ta, sí mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ ló hù. Wọ́n tò látojú ọ̀nà dé etí odò, ewé tuntun ń dán lórí wọn, wọ́n sì gún, torí èmi ni mo da òkìtì náà kó gún. Gbogbo ilẹ̀ dúdú ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ dáwódù.

Olórí ẹbí na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ pa ewé kan lára. “Ẹ̀n-ẹ́n. Ààlà tẹ́ ẹ ní ó sọnù kọ́ yìí?”

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo ṣí ẹnu. Èmi tí mi ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Mo ní, “Bàbá, ibẹ̀ kọ́. Réèkì ló kó wọn síbẹ̀. Èmi ni mo fà wọ́n tu, mi ò mọ̀.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín. “Katakata ló wá ń gbin pẹ́règún báyìí? Á kúkú bá wa gbin ẹ̀gẹ́ náà.”

“Ó hù fúnra ẹ̀ ni, bàbá.”

“Ó hù fúnra ẹ̀, ó sì tò fúnra ẹ̀?”

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Bó o bá jẹ́ àwọn, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín.

Mo yíjú sí dáwódù. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ìwọ mọ ibi tí bàbá gbìn ín sí.”

Ó sún mọ́ mi, ó di èjìká mi mú. “Àbúrò, mi ò purọ́ fún ẹ. Ọdún tí mo ti débí gbẹ̀yìn ti pẹ́. Mi ò mọ̀. Ibi tí mo bá rí pẹ́règún ni màá dúró sí. O ṣeun tó o bá mi ha tèmi náà, mo rí i, mo dúpẹ́.”

Ká ní ó bá mi jà ni, ì bá sàn.

Olórí ẹbí ní kí gbogbo wa dákẹ́. “Ọmọ ìyá ẹ ni,” wọ́n ní fún mi, “ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n o mọ bá a ṣe ń ṣe é. Tó o bá ní ibí kọ́ ni ààlà, rìn lọ síbi tó jẹ́ ààlà, kó o fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bá a bá ti rí ẹsẹ̀ ẹ, a máa hú ìwọ̀nyí, a ó sì gbìn wọ́n síbẹ̀ lónìí.”

Bí nǹkan ṣe ṣí sílẹ̀ fún mi nìyẹn. Ẹsẹ̀ kan péré ni.

Mo wọ inú àgbàdo. Mo rìn. Àgbàdo ẹ̀gbọ́n mi ti ga dé àyà mi. Mo ń wo ilẹ̀, mo ń wo odò, mo ń wo ojú ọ̀nà. Mo mọ̀ pé láàárín ibì kan sí ibì kan ni. Kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Mo ké sí wọn pé, “Bàbá, àárín ibí yìí sí ibi kùkùté yẹn ni.”

“Ààlà kì í wà láàárín,” olórí ẹbí dáhùn. “Fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.”

Ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo wa ń lọ, wọ́n ti fún mi ní ipò díákónì nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ tẹ ibi tí kì í ṣe ààlà, tó ní ààlà ni, orí ilẹ̀ bàbá ẹ̀, níwájú olórí ẹbí ẹ̀, mi ò mọ ẹni tó ṣe é tó gbádùn. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀dọ̀ dáwódù jù, mo ti jí tiẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀dọ̀ wa, mo ti jí ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Mo gbé e sílẹ̀ níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mo tún gbé e.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀lé mi wọ inú àgbàdo náà. Ó dúró nítòsí mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí wọ́n má gbọ́.

“Tẹ̀ ẹ́, àbúrò mi.”

“Mi ò mọ ibi tó wà.”

“Ibi tó bá wù ẹ́. Ibikíbi. Ó ṣáà sàn ju ibi òkúta lọ.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n.”

“Mo gbọ́. Tẹ̀ ẹ́ náà.”

Mo dúró. Ẹyẹ kan ń jẹ àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kò sì sẹ́ni tó lé e. Nígbà tó yá, olórí ẹbí ké pé, “Ó ti tó. Ẹ jáde wá.”

A jáde. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní Ọlọ́run á fi ìfẹ́ sáàárín wa. Dáwódù ní kí ẹ̀gbọ́n mi kórè àgbàdo ẹ̀ kó tó kúrò lórí ilẹ̀ náà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, a dúpẹ́. Lọ́nà ilé, ẹ̀gbọ́n mi ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Ó kórè àgbàdo, ó sun díẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi ní Oǹdó. Nígbà tí ẹ̀rùn tún dé, ó ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun fẹ́ gbìyànjú ibi òkúta náà, kí n wá bá òun ha á, ó kéré tán ká kó òkúta kúrò.

Mo tún yá katakata kọ́lẹ́ẹ̀jì. Lọ́tẹ̀ yìí mo lọ bá ọkùnrin Ìkàrẹ́, mo ní kékeré ni mo fẹ́, eléyín méje. Kò bi mí nípa ńlá. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ha ibẹ̀. Mò ń wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà, ọrùn ń dùn mí. Tó bá ti kù díẹ̀ kí n dé ọ̀dọ̀ pẹ́règún, mo máa dúró, mo máa yí padà. Eyín méjì nínú méje ló dá mọ́ òkúta lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo parí, ẹ̀gbọ́n mi wá wò ó. Ó rìn látibi tí mo parí iṣẹ́ sí títí dé ìdí pẹ́règún, ó ń ka ìṣísẹ̀ ẹ̀ sókè. Méjìlá ni. Gbogbo ìṣísẹ̀ méjìlá yẹn ni mi ò ha, koríko àti gbòǹgbò ṣì wà níbẹ̀. Inú ibẹ̀ ni ìwọ̀nba ilẹ̀ tó dára díẹ̀ tó kù fún un wà.

“Àbúrò,” ó ní, “o fi èyí sílẹ̀ fún ta ni?”

Mo lọ tú réèkì kúrò nídìí katakata. Ó mú ọkọ́ ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí fọwọ́ ro ó.